Síbí kan tàbí méjì? Ìwọ̀n oògùn adìẹ tó ti pẹ́ lọ́jà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Kuje ni mo ti ń sin adìẹ. Igba ni wọ́n, wọn ò tíì máa yé. Tí ọ̀fìnkìn bá mú wọn, mo máa ń bu síbí oxytetracycline kan sínú kẹ́ẹ̀gì omi, ara wọn á sì yá. Ní báyìí, kò ràn wọ́n mọ́. Ẹni tó ń ta oògùn fún mi ní kí n sọ ọ́ di síbí méjì. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ẹran o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Òótọ́ kan wà nínú ohun tó sọ fún yín ṣá. Láti ọdún 1950 ni oxytetracycline ti wà, ìwọ̀n tí wọ́n sì fi lélẹ̀ fún irú oògùn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lè má tó mọ́ fún kòkòrò àrùn òde òní. Oògùn tí kò tó a máa pa kòkòrò tó rọ, a sì fi èyí tó le sílẹ̀ kó máa bí sí i. EMA, àjọ tó ń mójú tó oògùn nílẹ̀ Yúróòpù, ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n bá lọ sókè, iye ọjọ́ tí a ó dúró ká tó pa ẹran náà jẹ gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń tajà.

Síbí àti kẹ́ẹ̀gì yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Adìẹ là ń fún lóògùn, kì í ṣe omi. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin níbí, wọ́n á mu omi gan-an. Nígbà ọyẹ́, wọn kò ní mu tó bẹ́ẹ̀. Síbí kan náà, oògùn tó wọ ara wọn kò dọ́gba. Ẹ wọn mélòó kan nínú wọn lórí òṣùwọ̀n. Ká ní kílò kan ààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, igba adìẹ jẹ́ 300 kílò. Tí dókítà bá kọ 20 mílígíráàmù fún kílò kan, gíráàmù 6 ni wọn yóò gbà lóòjọ́. Bí ìyẹ̀fun yín bá jẹ́ 20%, ìyẹn ni pé gíráàmù 20 nínú 100 rẹ̀ ni oògùn gan-an, gíráàmù 30 ni ẹ máa wọ̀n, ẹ ó sì pò ó mọ́ omi tí wọ́n ń mu tán lọ́jọ́ kan. Tí omi bọ̀hóò yín bá ń fi àwọ̀ ìpẹtà sára ike, ẹ wá omi mìíràn, torí irin inú rẹ̀ máa ń di oògùn yìí mú.

Síbẹ̀, bí kòkòrò náà bá ti borí oògùn, síbí mẹ́wàá kò ní ràn án. Bó bá sì jẹ́ lúkúlúkú ni, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Oxytetracycline kò lè pa á rárá. Nítorí náà, kí ẹ tó tún bu oògùn kankan, ẹ gbé méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣàìsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran ní Yunifásítì Àbújá, Gwagwalada, tó sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí NVRI, ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀, ní Vom. Wọ́n á yẹ kòkòrò náà wò, wọ́n á sì sọ oògùn tó ń pa á. Ẹ mú páálí oògùn tí ẹ ń lò dání, kí ẹ sì má tíì ta èyíkéyìí nínú àwọn adìẹ tó ti mu ún fún jíjẹ.