Kobold, Alp àti Nixe: èwo nínú iwin wa ló bá wọn mu?

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń kọ́ èdè Jámánì. Ìwé atúmọ̀ èdè tí mò ń lò sọ pé Kobold ni goblin, Alp ni elf, Nixe sì ni mermaid. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Èwo nínú àwọn iwin tiwa ni mo lè fi túmọ̀ wọn?"

Ìdáhùn: Ìwé náà kò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ délẹ̀. Ibi tí iwin ń gbé àti ohun tó ń ṣe fún èèyàn la fi ń dá a mọ̀. Tí wọ́n bá dárúkọ egbére fún ọmọ Yorùbá, ẹní rẹ̀ àti ẹkún rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "iwin kúkúrú" lásán ti sọ ẹní náà nù. Ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè yín ṣe fún àwọn mẹ́ta yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú Kobold. Oríṣi méjì ló wà. Ti ilé ń gbé nídìí ààrò tàbí nínú abà, ó máa ń bá onílé ṣiṣẹ́ lóru, oúnjẹ díẹ̀ sì ni owó ọ̀yà rẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ tàbí tí wọ́n fi í ṣẹ̀sín, wàhálà dé: á fọ́ abọ́, á da gbogbo ilé rú. Goblin burú ju èyí lọ lédè Òyìnbó. Hobgoblin tàbí brownie ló sún mọ́ ọn jù.

Ìkejì ń gbé abẹ́ ilẹ̀. Ní àwọn òkè Erzgebirge ní Sachsen, ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń wa fàdákà, àwọn awakùsà máa ń bá òkúta kan pàdé tó jọ èyí tí fàdákà wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá fi iná yọ́ ọ, fàdákà kò ní jáde. Èéfín ló máa jáde, májèlé arsenic sì wà nínú èéfín náà, ó ń ṣe wọ́n léṣe. Wọ́n ní Kobold ló jí fàdákà lọ tó fi pàǹtí yìí rọ́pò rẹ̀, ni wọ́n bá fi orúkọ iwin pe òkúta. Ní nǹkan bí ọdún 1735, Georg Brandt, onímọ̀ kẹ́míkà ará Sweden, rí irin tuntun nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀. Cobalt ni irin náà, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ bátìrì fóònù lónìí.

Àbúrò òkúta yìí ni Kupfernickel. Kupfer ni bàbà. Nickel ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe iwin oníjàǹbá. Òkúta náà pọ́n bíi bàbà, àmọ́ wọn kò rí bàbà kankan yọ nínú rẹ̀. Ní 1751, Axel Fredrik Cronstedt, ará Sweden bákan náà, yọ irin nickel jáde lára irú òkúta yìí. Owó ẹyọ sẹ́ǹtì márùn-ún ti Amẹ́ríkà ń jẹ́ nickel títí dòní, bẹ́ẹ̀ ìdá 75 nínú 100 rẹ̀ bàbà ni. Iwin tó fi bàbà du awakùsà ló wá di orúkọ owó bàbà!

Ní ti Alp, ibẹ̀ ni ìwé atúmọ̀ èdè ti ń ṣini lọ́nà jù. Lóòótọ́, orísun kan náà ni Alp àti elf ti wá. Àmọ́ Alp tí àwọn ará Jámánì mọ̀ ni èyí tó ń gorí àyà ẹni tó sùn lóru, tí onítọ̀hún kò ní lè mira, tí kò ní lè pariwo. Alpdruck ni wọ́n ń pe ìnira yẹn. Albtraum ni àlá burúkú (ẹ lè fi b tàbí p kọ ọ́, méjèèjì tọ̀nà). Nightmare ni ti Òyìnbó, mare inú rẹ̀ kì í sì í ṣe abo ẹṣin, orúkọ irú iwin yìí kan náà ni látijọ́. Ogun òru ni ẹ fi túmọ̀ Alp, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn. Elf kékeré arẹwà tó níyẹ̀ẹ́, die Elfe ni wọ́n ń pè é, inú èdè Òyìnbó ni wọ́n sì ti yá a ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún.

Omi odò, adágún àti omi tó ń yí ọlọ ni Nixe ń gbé. Ti inú òkun, tó níru ẹja, ni Meerjungfrau, òun gan-an ni mermaid. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn, ẹsẹ̀ bíi tèèyàn ni Nixe ní, á sì wá ná ọjà láàárín èèyàn. Etí aṣọ rẹ̀ tí kì í gbẹ ló ń tú u fó. Ẹ ṣọ́ra o: der Nix ni akọ, die Nixe sì lè jẹ́ abo kan tàbí akọ púpọ̀. Abo púpọ̀ ni die Nixen. Ẹ má pe Nixe ní Yemọja, torí òrìṣà tó ní olùsìn àti ojúbọ ni Yemọja. Mami Wata sún mọ́ ọn díẹ̀, Jámánì sì lọ́wọ́ sí àwòrán Mami Wata eléjò lọ́rùn tó gbòde ní Nàìjíríà, Benin àti Togo: ìlú Hamburg ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní àwọn ọdún 1880. Obìnrin tó ń fi ejò dárà lójú agbo ni wọ́n yà síbẹ̀, kì í ṣe Nixe rárá.

Àwọn yòókù kò ṣòro. Werwolf ni werewolf, Zwerg ni dwarf, Riese ni giant, Einhorn ni unicorn. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Der Drache ni dragon, àmọ́ tí ẹ bá fi n kún un, der Drachen, káìtì tí ọmọdé ń fi afẹ́fẹ́ gbé sókè ni ẹ kọ yẹn. Doppelgänger ń dẹ́rù bani lédè Òyìnbó, ṣùgbọ́n ní Jámánì lónìí, ẹni tó kàn jọ ẹlòmíràn ni.

Èyí tí mo máa bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣì túmọ̀ ni Wechselbalg, tí Òyìnbó ń pè ní changeling. Àwọn kan máa ń pè é ní àbíkú. Àbíkú ń kú, ó ń padà wá sọ́dọ̀ ìyá kan náà. Ọmọ iwin ni Wechselbalg: wọ́n gbé e sínú àkéte ọmọ, wọ́n sì gbé ọmọ onílé lọ. Ọmọ tí iwin pààrọ̀ ni kí ẹ kọ.