Iná ló máa kọ́kọ́ dán ẹ wò

Àbúrò, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú báókẹ́mísírì, o fẹ́ máa wádìí àbùdá (jíìnì tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí) tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, o wá ń béèrè bóyá ó ṣeé ṣe l'Ékòó àbí kí o kúkú japa. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láàárín Yábà àti Ìdí-Àràbà. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Lọ́dún kẹta mi, mo ti gba ẹ̀jẹ̀ lára obìnrin 62 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, pẹ̀lú ẹran díẹ̀ tí dókítà gé lára kókó wọn nígbà iṣẹ́ abẹ. Erékùṣù ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Èmi fúnra mi ni mò ń gbé kúlà gba orí Third Mainland, yìnyín á máa yọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Inú fíríìsà kan ṣoṣo ni mo kó gbogbo ẹ̀ sí, èyí tí òtútù rẹ̀ tó ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo. Ni iná bá lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Dísù inú jẹnẹrétọ̀ tán ní Sátidé, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo máa fi dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè, omi ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Mo fọwọ́ kan àpótí àkọ́kọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

DNA inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ohun tí a fi ṣe àbùdá, ṣì ṣeé lò, torí ó máa ń fara da ìyà. RNA, ẹ̀dà tí ara ń ṣe láti ara DNA, èyí tó wà nínú ẹran tó ti yọ́, kò rí bẹ́ẹ̀, òun ni ì bá sì sọ fún wa àbùdá wo ló ń ṣiṣẹ́ nínú kókó náà. Ó bàjẹ́ pátápátá. A ò sì lè padà lọ tọrọ òmíràn: wọ́n ti gé kókó yẹn kúrò, àwọn kan nínú àwọn ìyá náà sì ti lọ.

Látìgbà yẹn, ọ̀nà méjì ni mò ń pín ohun gbogbo sí, fíríìsà méjì, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ra ohun èlò tó ń pe fóònù mi bí òtútù bá ń dín kù. Nọ́ńbà ẹni tó ń bu dísù wà lọ́wọ́ mi. Má sì fi báírò lásán kọ nǹkan sára túùbù o. Ẹ̀kán ethanol kan, ọtí tí a ń lò ní láàbù, á pa á rẹ́, o ò ní mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Ní 1990 ni Mary-Claire King, onímọ̀ àbùdá ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé àbùdá kan tó ń mú jẹjẹrẹ ọmú rin ìdílé wà lórí krómósómù 17, ọ̀kan nínú àwọn okùn DNA tó wà nínú ara wa. Ọdún 1994 ni wọ́n tó rí BRCA1 fúnra rẹ̀ mú, àbùdá tó ń bá ara tún DNA tó já ṣe. Ṣùgbọ́n ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ìmọ̀ yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kàwé ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, wà lára àwọn tó yẹ tiwa wò. Èsì jáde ní 2018: nínú obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Ìbàdàn, nǹkan bí 15 nínú 100 ló jogún àbùdá tó ti bàjẹ́, BRCA1 ló sì pọ̀ jù. Ro iye túùbù tí àwọn èèyàn ti ní láti ṣọ́ kí èsì yẹn tó jáde.

Tí ọ̀nà òkè òkun bá là, lọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣe ọdún méjì níbí kí o lè mú ìbéèrè tìrẹ dání. Kí o sì kọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé iṣẹ́ yìí ní Yorùbá. Ìyá kan láti Mushin bi mí kó tó fọwọ́ síwèé pé, “Ṣé ọmọ mi obìnrin náà á ní in?” Mo ní bó bá wà lára yín, ó lè kan ọmọ, ó lè má kàn án, ìdajì-ìdajì ni, bó bá sì kàn án, ìyẹn ò tíì di àìsàn.

Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wà lára èyí tó yè. A rí BRCA1 tó bàjẹ́ níbẹ̀, ilé ìwòsàn tún un yẹ̀ wò, bákan náà ni wọ́n rí i. Ọdọọdún ni ọmọ rẹ̀ ń lọ fún àyẹ̀wò báyìí. Túùbù 41 ni tìyá rẹ̀, ó wà nínú fíríìsà méjèèjì.