Nọ́ńbà méjì lórí bàbá mi, ìtọ̀ wọn sì ń dín kù: ṣé ẹ̀rọ ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dọ́kítà. Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí ni mo ti ń kọ̀wé. Òtútù àyà ló gbé bàbá mi, ẹni ọdún 68, dé ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an). Ó di ọjọ́ kẹrin tí ẹ̀rọ ti ń bá wọn mí. Ojú ẹ̀rọ tó wà lókè orí wọn ń sọ pé káábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì wọn jẹ́ 38, àmọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní 52 ni. Láti àná ni ìtọ̀ wọn ti dín kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí yẹn ló ń ba kíndìnrín wọn jẹ́, ká ní kí wọ́n yọ ọ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú aájò bàbá. Kí n tètè dá ẹ̀gbọ́n yín lóhùn: ẹ má sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lónìí, mímí ló máa kọ́kọ́ dá, kíndìnrín á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ̀lé e.

Nínú nọ́ńbà méjèèjì, kò sí èyí tó purọ́. Èémí tó ń jáde ní rọ́bà ẹnu wọn ni wọ́n wọ̀n tó fi jẹ́ 38. 52 jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní ọrùn ọwọ́. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, 35 sí 45 ni ti ẹ̀jẹ̀, ti èémí sì máa ń fi bíi 2 sí 5 rẹlẹ̀ sí i. Ti bàbá fi 14 rẹlẹ̀. Àlàfo yìí ni èmi máa tẹjú mọ́ ju 52 fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ fojú inú wo mọ́tò tó wá kó ẹrù lọ́jà Ìgbọ́nà. Afẹ́fẹ́ ni mọ́tò, ẹ̀jẹ̀ ni alábàárù. Bí mọ́tò bá dé tí alábàárù kò gbé ẹrù wá, òfìfo ló máa padà. Mọ́tò òfìfo pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹrù sì ń kó jọ lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ni ti èémí ṣe lọ sílẹ̀ tí ti ẹ̀jẹ̀ ga. Òtútù àyà fúnra rẹ̀ lè fà á, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró náà lè fà á. Èyí tó kan kíndìnrín jù ni pé kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP) lọ sílẹ̀, kí ọkàn má lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, torí ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ẹ̀dọ̀fóró tó kò ní dé kíndìnrín tó, kíndìnrín kò sì lè sẹ́ ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí àlàfo bá ń fẹ̀ tí ìtọ̀ ń dín kù lọ́jọ́ kan náà, ẹ bi wọ́n pé: ìfúnpá bàbá ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe irọ́ pátápátá o. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń tì wọlé máa ń há àyà, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́kàn á dín kù. Káábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì tó bá ga náà sì lè mú kí iṣan kíndìnrín fún. Àmọ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kòkòrò àrùn tó ti wọ ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá tó já wálẹ̀ àti oògùn apakòkòrò bíi jẹntamáísìn la sábà máa ń bá nídìí rẹ̀.

Nígbà mìíràn, dọ́kítà ló mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí nọ́ńbà ti ẹ̀jẹ̀ yẹn ga. Láti ọdún 2000 tí ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé èémí kékeré, mílílítà 6 fún kílò kan dípò 12, ń dín ikú kù lára àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn bàjẹ́ gan-an, a kì í fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró bíi bàlúù mọ́, káábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì sì lè ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kan (tí ásíìdì inú rẹ̀ ń pọ̀) nítorí èyí, kíndìnrín á fi ọjọ́ mélòó kan tún un ṣe, bí òun fúnra rẹ̀ bá le. (Ẹni tó farapa nínú ọpọlọ yàtọ̀, a kì í jẹ́ kó ga lára tirẹ̀.)

Ti ìtọ̀: bí bàbá bá wọn kílò 60, mílílítà 30 ní wákàtí kan ló yẹ kó jáde, ó kéré tán. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 6, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n yẹ kiriátínínì wò, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà ìtọ̀ láti ìdí dé àpò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìdílé kan ti ń sunkún pé kíndìnrín ti kú. Nọ́ọ̀sì gbé itan aláìsàn sókè, rọ́bà tó ká síbẹ̀ tú, ìtọ̀ sì ya wálẹ̀ bí omi ẹ̀rọ.

Bí wọ́n bá fún yín ní sírínjì ẹ̀jẹ̀ kí ẹ gbé lọ sí láàbù, kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pé ìṣẹ́jú 30. Ọ̀kadà ni kí ẹ gùn. Ẹ má yà ra nǹkan ní Ọláìyá. Bí ó bá pẹ́, nọ́ńbà á yí. Ẹ má sì yọ́ gbé àgbo tàbí oògùn ìrora bíi dáíkílófẹ́nákì wọlé fún bàbá.

Bí wọ́n bá dárúkọ fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ (dialysis), ẹ má rò pé ó ti parí. Ọ̀pọ̀ ni kíndìnrín wọn padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìgbà mélòó kan. Lọ́la, ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín dání dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí nọ́ọ̀sì fi ìwé tí wọ́n ń kọ ìtọ̀ wákàtí sí wákàtí sí hàn wọ́n.