Èsì: Triglyceride (irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀) màmá ò ga, ṣé ínsúlínì ń ṣiṣẹ́ lára wọn nìyẹn?

Rárá o. Ẹ fi triglyceride yẹn sílẹ̀ ná. Nọ́ńbà méjì tẹ́ ẹ kọ síbí ti sọ̀rọ̀: ṣúgà òwúrọ̀ kí màmá tó jẹun, 140 mg/dL, ínsúlínì, 18.

1. Ẹ sọ 140 di ìlọ́po 18. Ó jẹ́ 2520.
2. Ẹ fi 405 pín in. Ó lé díẹ̀ ní 6.2.

HOMA-IR nìyẹn, nọ́ńbà tó ń sọ bí ara ṣe ń ṣagídí sí ínsúlínì tó. Lábù kan ò kúkú ka ínsúlínì bíi ti èkejì, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá 2.5, ọ̀pọ̀ dókítà á ní ara ti ń ṣagídí sí ínsúlínì. Tí lábù bá fi mmol/L kọ ṣúgà, 22.5 lẹ máa fi pín.

Tí wọn ò bá gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ o. Tí wọ́n bá ń gbà á, ìṣirò yìí ti bàjẹ́. C-peptide, èyí tó ń fi ínsúlínì tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe hàn, ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹni tó ní "triglyceride ò ga, kò séwu" ò mọ̀ pé lára àwa aláwọ̀ dúdú, triglyceride sábà máa ń wà nílẹ̀, kò ní ga, bí ínsúlínì ò tiẹ̀ ríṣẹ́ ṣe. Mi ò fọkàn tán triglyceride yẹn rárá.

Ẹ tún bi màmá ní jẹ́nótáìpù wọn. Tó bá jẹ́ SS tàbí SC, HbA1c, àyẹ̀wò ṣúgà bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lè parọ́ fún yín, kó ní ṣúgà kéré. Fructosamine, àyẹ̀wò ṣúgà ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, ló yẹ kẹ́ ẹ bá dókítà sọ.