Ọmọ mi ni lébà pírífẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ń pè é ní Ìyá Aládàá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Gírámà ìlú wa ni ọmọ mi obìnrin ń lọ, ó ti wà ní SS3. Hẹ́ẹ̀dì gẹ́ẹ̀lì ló wù ú, àmọ́ lébà pírífẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń darí iṣẹ́ koríko ṣíṣán nílé ìwé, ni wọ́n fi í ṣe. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, torí òun náà máa ń bá àwọn ọmọ JSS1 ṣán koríko. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń pè é ní Ìyá Aládàá. Wọ́n ní síníọ̀ gidi kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú jíníọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n lọ bá púrínsípà kí wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá bí WAEC ṣe ń bọ̀ yìí. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá ọmọ, Ìkirè.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má tíì lọ. Èmi náà ti ṣe lébà pírífẹ́ẹ̀tì rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀.

Lọ́dún 1980, nígbà tí ìjọba Bọ́lá Ìgè gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlú wa náà dá gírámà tiwọn sílẹ̀. Ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà pọ̀ lọ súà, yàrá tí wọn ó jókòó sí ni kò sí. Ìdílé kan yọ̀ǹda ilẹ̀, agbo ilé kọ̀ọ̀kan mú páànù wá, àwọn bàbá wa po amọ̀, àwọn ìyá wa pọnmi. Mo ṣì lè tọ́ka sí ògiri tí bàbá mi bá wọn mọ. Àwa ni sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, kò sí síníọ̀ kankan tí a lè wò kọ́ṣe. Nígbà tí a wá dé fọ́ọ̀mù fáìfù, tí wọ́n fi mí ṣe lébà pírífẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo gbọ́ pé àwọn síníọ̀ ń ṣe níbòmíràn ni èmi náà ń ṣe: mo mú pàṣán dání, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń pín pọ́ṣọ̀n koríko tí wọ́n máa ṣán fáwọn ọmọ kéékèèké.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ fọ́ọ̀mù wáànù kan gbé àdá sókè, irin rẹ̀ yọ kúrò lára èèkù, ó sì bà á lẹ́sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún inú bàtà ọmọ náà. Mo he èèkù yẹn nílẹ̀: ikán ti jẹ inú rẹ̀, ó fúyẹ́ bíi pòròpórò ọkà. Èmi ni mo pín àdá náà fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ká ní mo fi ṣán koríko ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ì bá ti mì lọ́wọ́ mi, ǹ bá sì ti mọ̀. Tíṣà wa ò nà mí. Ó kàn ní kí n máa fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè bá a pààrọ̀ báńdéèjì, títí ojú ọgbẹ́ fi jiná. Lẹ́yìn ìyẹn, n kì í pín àdá kankan tí n kò bá tíì kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi dán wò.

Ohun tí mo kọ́ lórí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ tiyín ti mọ̀ ọ́n láì ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ kú oríire. Nígbà tí Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń dáko, wọ́n sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Bàbá náà á wọ ṣòkòtò penpe, á dé fìlà, á sì bá wọn ṣe é. Ta ló wá lè sọ pé àwọn ọmọ yẹn ò bọ̀wọ̀ fún un?

Ọ̀rọ̀ WAEC tí bàbá rẹ̀ sọ, òótọ́ ni o. Bí iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì bá ń jẹ wákàtí ìwé mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ lọ rí púrínsípà lóòótọ́, àmọ́ igbákejì láti SS2 ni kí ẹ bá a tọrọ. Kí igbákejì yẹn máa tẹ̀ lé e kiri ní sáà yìí, kó lè gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ní sáà kejì. Ọmọ yín á ráyè kàwé, ẹni tó máa gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ á sì ti mọ ibi tí koríko ti ń tètè hù àti ibi tí ejò ń gbé.

Ẹ fọgbọ́n bi í bóyá ó ń na àwọn jíníọ̀. Bó bá ń nà wọ́n, kó jáwọ́. Ẹni tó ń bá wọn bẹ̀rẹ̀ ò nílò pàṣán. Ní ti orúkọ tí wọ́n ń pè é, kó máa dáhùn sí i. Ó máa sú wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bó bá ti bó, ẹ fi òrí pa á. Kí ẹ tún bi í pé ṣé èèkù àwọn àdá wọn ṣì le.