Ìbọn rẹ̀ dùn ju ìtàn rẹ̀ lọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá kí ẹ ra géèmù Destiny ti ọdún 2014, torí ẹ gbọ́ pé ìtàn rẹ̀ kò lórí kò nídìí. Òótọ́ ni. Inú káàdì Grimoire, ìyẹn àwọn káàdì ìtàn tí a kì í kà nínú géèmù fúnra rẹ̀, ni wọ́n kó ojúlówó ìtàn sí, orí íntánẹ́ẹ̀tì la sì ti ń kà á. Ó dùn mí gan-an.

Àmọ́ tó bá di ti ìbọn yínyìn, hà! Ẹ yìnbọn lu Fallen kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ọ̀tá inú géèmù náà, lórí, èéfín funfun á tú jáde lọ́rùn rẹ̀ ṣùùù. Nílé wa ní Muṣin, èmi àti àbúrò mi máa ń gba páàdì lọ́wọ́ ara wa títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Dátà nìkan ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, eré parí nìyẹn, kódà bó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń ṣe é.