Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára shingles lè gba àgbàlagbà lọ́wọ́ arán?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Màmá mi, ẹni ọdún 71, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní London. GP wọn, ìyẹn dókítà àdúgbò, kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára shingles. Màmá ní àwọn kò ní gba abẹ́rẹ́ àìsàn tí kò ṣe àwọn, àti pé àwọn kò tilẹ̀ rántí pé àwọn ṣe chickenpox rí. Àbúrò mi wá gbé e sórí WhatsApp ẹbí pé abẹ́rẹ́ náà ni oògùn arán. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ẹ̀gbọ́n màmá mi tí ó wà ní Ìbàdàn ti ń ṣarán, débi pé wọn kò dá àwọn ọmọ wọn mọ̀ mọ́, mo sì ń bẹ̀rù pé ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa. Ṣé òótọ́ ni àbúrò mi ń sọ? Màmá ń lọ sí Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Kí màmá gba abẹ́rẹ́ náà, ṣùgbọ́n shingles, àìsàn ìléròrò tí ó máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ara, ni kí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á. Shingles ni ọjà tí a ń rà. Ọ̀rọ̀ arán, lójú tèmi, èènì ni: èènì tí ó ṣeé ṣe kí ó pọ̀, tí ẹ̀rí rẹ̀ sì lágbára ju bí mo ti rò lọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, síbẹ̀ èènì náà ni.

Kòkòrò àìfojúrí kan náà ni ó ń fa chickenpox àti shingles. Bí chickenpox bá san, kòkòrò náà kì í jáde lára. Ṣe ni ó ń sá pamọ́ sí ìdí àwọn iṣan ìmọ̀lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti nínú orí, ó sì lè sùn síbẹ̀ fún ọdún 50 tàbí 60. Nígbà tí ogbó tàbí àìsàn mìíràn bá dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, yóò jí, yóò sì tọ ipa iṣan kan jáde sí awọ ara. Mo rántí ìyá kan tí wọ́n ká bùbá wọn sókè níwájú mi: ìléròrò olómi wẹ́wẹ́ tò láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó gba abẹ́ ọmú òsì, ó sì dúró gan-an ní àárín àyà, bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ó já tí apá kan rẹ̀ sì sọnù. Ọjọ́ mẹ́ta kí ohunkóhun tó yọ ni ibẹ̀ ti ń ta wọ́n bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á, tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pàápàá kò ṣeé fi kàn án. Wọ́n ti fi òrí pa á, wọ́n ti fi àdí pa á, aládùúgbò kan sì ti sọ fún wọn pé ayé ló ta wọ́n ní nǹkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìléròrò náà ti gbẹ. Ìrora rẹ̀ kò lọ. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọn kò tíì lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn.

Ìrora tí kì í lọ bọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì máa ń mú àgbàlagbà ju ọ̀dọ́ lọ, ni olórí ìdí tí a fi ń fún àwọn tí ó ti dàgbà ní abẹ́rẹ́ yìí. Bí ó bá yọ sí àyíká ojú, ó lè ba ojú jẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí irú ìléròrò bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ara kò gbọdọ̀ dúró de àdí: láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ó yọ ni oògùn bíi aciclovir ń ṣiṣẹ́ jù.

Ní ti chickenpox tí màmá kò rántí, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ní àwọn ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, àwọn kan kì í ṣe é ní kékeré, ìgbà tí wọ́n bá dàgbà ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn mìíràn sì ṣe é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é lórúkọ. Nọ́ọ̀sì kò ní yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí ó tó gún wọn. Ẹni tí ó ti ṣe shingles rí pàápàá lè gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá.

Shingrix ni orúkọ èyí tí wọn yóò fún màmá. Inú ìgò kékeré méjì ni ó máa ń wà: ìyẹ̀fun funfun wà nínú ọ̀kan, omi wà nínú èkejì, nọ́ọ̀sì yóò sì pò wọ́n pọ̀ kí ó tó fà á sínú abẹ́rẹ́. Ẹyọ purotéènì kan tí ó jọ ti ara kòkòrò náà ni ìyẹ̀fun yẹn, kì í ṣe kòkòrò alààyè, nítorí náà kò lè fa shingles. Nínú ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, tí a ṣe pẹ̀lú àwọn tí ó ti pé ọdún 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbígba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì dín shingles kù ní nǹkan bí ìdá 90 nínú 100. Ọjà gidi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ èènì wá kàn. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń rí i pé arán kì í sábà mú àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó àwọn tí kò gbà á, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó ẹ̀rí. Ẹni tí ó ń lọ gba abẹ́rẹ́ ni ó sábà máa ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí ó ń rìn káàkiri, tí ó sì ní ọmọ tí ń rán an létí. Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ni ó ṣiṣẹ́ tàbí ìgbésí ayé rẹ̀?

Òfin ìjọba kan ní Wales ni ó tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, láìjẹ́ pé àwọn tí ó ṣe òfin náà mọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà ní Zostavax, abẹ́rẹ́ shingles ti àtijọ́, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, wọ́n ní ẹni tí a bí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1933 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni ó lè gbà á, àti pé ẹni tí a bí ṣáájú ọjọ́ náà kò ní ẹ̀tọ́ sí i títí láé. Ẹ wo ìyá méjì tí a bí ní ọ̀sẹ̀ kan síra ní abúlé kan náà: oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, dókítà kan náà ni wọ́n ń lọ rí, ọjọ́ ìbí nìkan ni ó pín wọn níyà, ìyẹn sì kì í ṣe ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yàn. Láàárín àwọn tí a bí ní kété ṣáájú ọjọ́ náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ náà; láàárín àwọn tí a bí ní kété lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí ó gbà á sún mọ́ ìdajì. Pascal Geldsetzer ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwé ìlera àwọn tí ó lé ní 280,000 wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Láàárín ọdún méje, gbígba abẹ́rẹ́ dín iye àwọn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí arán lára wọn kù ní ìdá 20 nínú 100. Bí a bá sọ ọ́ lọ́nà tí ó yéni jù, nínú 200 àgbàlagbà tí ó gba abẹ́rẹ́, bí ènìyàn 7 ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìgbà náà. Ó hàn lára àwọn obìnrin ju lára àwọn ọkùnrin lọ.

Mo ka ìwádìí náà lẹ́ẹ̀mejì, èmi tí mo máa ń fura sí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni irú rẹ̀ jáde láti Ọsirélíà, níbi tí ọjọ́ ìbí tún ti pín àwọn ènìyàn sí méjì lọ́nà kan náà, àbájáde rẹ̀ sì tọ ipa kan náà. Síbẹ̀, mo ní kí àbúrò yín yọ ọ̀rọ̀ náà "oògùn" kúrò lórí WhatsApp. Abẹ́rẹ́ yìí kì í wo ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra sàn. Bí ẹ bá sì wo ìṣirò Wales fínnífínní, àǹfààní náà lè má tó ẹni kan ṣoṣo nínú 100, ó sì lè tó ẹni 7. Zostavax ni wọ́n wò, kì í ṣe Shingrix tí màmá fẹ́ gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí Oxford fi hàn ní ọdún 2024, pẹ̀lú ìwé ìlera àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó lé ní 200,000, pé Shingrix tilẹ̀ ṣe dáadáa ju ti àtijọ́ lọ.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí. Àwọn kan ní jíjí tí kòkòrò náà ń jí lábẹ́lẹ̀ ni ó ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ a sì mọ̀ dájú pé rọpárọsẹ̀ máa ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe shingles. Àwọn mìíràn ní èròjà tí ń ta ara jí nínú omi Shingrix ni ó ń ṣiṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Inú èèpo igi kan ní orílẹ̀-èdè Chile, tí wọ́n ń pè ní quillaja, ni wọ́n ti ń yọ apá kan nínú èròjà yìí. Ẹ lè sọ ìyẹn fún màmá bí wọ́n bá ní oògùn òyìnbó kò ní egbò àti èèpo nínú.

Ní ti bóyá arán wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín, iṣẹ́ kan wà tí ó kàn wá tààrà. Láti ọdún 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi lẹ́yìn rẹ̀, ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà láti wo àwọn àgbà Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé irú arán tí à ń pè ní Alzheimer ń mú àwọn ará Indianapolis ju ìlọ́po méjì ti Ìdíkàn lọ lọ́dọọdún. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan, nígbà náà. Bí a ṣe ń gbé wà níbẹ̀. Màmá yín tí ó ń gbé London ti sún mọ́ Indianapolis ju Ìdíkàn lọ, nítorí náà, kí ẹ̀jẹ̀ ríru má bàa ba ọpọlọ wọn jẹ́, oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n nínú báàgì ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí wọn yóò lò nílé. Ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìbàdàn náà yẹ kí ó rí dókítà, bí wọn kò bá tíì lọ: ilé ìtọ́jú àwọn àgbà wà ní UCH, nígbà mìíràn sì ni ohun tí ó dà bí arán jẹ́ àìtó fítámì B12, àìsàn ẹ̀yà ara kékeré inú ọrùn tí à ń pè ní thyroid, ìbànújẹ́ ọkàn tàbí oògùn tí ó pọ̀ jù, tí gbogbo wọn ní ìtọ́jú.

Ẹ pe GP kí màmá gba ti àkọ́kọ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó rìnrìn àjò, nítorí pé apá lè dùn wọ́n, kí ara sì gbóná fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta; ẹni tí ara rẹ̀ gbóná kò ní fẹ́ jókòó wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò bá a jà. Bí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ flu lọ́jọ́ kan náà, ní apá kejì. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń tẹ̀lé e láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa padà dé ní oṣù Kẹta, ti èkejì kò tíì pẹ́. Ẹ gba ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dọ̀ GP kí wọ́n tó lọ, kí ẹ sì lẹ lẹ́tà náà mọ́ ara fìríìjì.